Saint-Pierre ti Beauvais: Àjà Gíga, Gbọ̀ngàn tí Kò Sí

Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ bá ń ka àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kan kàtídírà Saint-Pierre ti ìlú Beauvais, ní àríwá Paris. Gíga rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sọ. Àjà òkúta tó bo ibi pẹpẹ rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 48 jìnnà sílẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Gótíìkì mìíràn tí àjà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá ilé náà kún ojú òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà àti gẹ́gẹ́ bí ilé ìjọsìn. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe níbi pẹpẹ, ṣùgbọ́n wọn kò to iṣẹ́ yòókù bó ṣe yẹ kí wọ́n tò ó. Àìtò yẹn ló ṣe ilé náà lọ́ṣẹ́ ju gíga rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi pẹpẹ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọlá ilé náà wà. Ọdún 1225, lẹ́yìn tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ni wọ́n dáwọ́ lé e nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Milon de Nanteuil. Ó di 1272 kí wọ́n tó parí apá náà. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ tó gbójú sókè yóò mọ̀ pé ẹni tó ya ilé yìí mọ ohun tó ń wá. Àwọn òpó gùn lọ gbọọrọ kí àtẹ́rígbà òkúta, tó ṣóńṣó lókè, tó so wọ́n pọ̀. Ìpele àárín, tó ṣókùnkùn ní kàtídírà Chartres, gíláàsì ni wọ́n fi sí i níhìn-ín. Lókè rẹ̀ ni àwọn fèrèsé gígùn wà, débi pé ìmọ́lẹ̀ ni ojú ń bá pàdé níbi tó yẹ kó ti rí ògiri. Èyí kì í ṣe fáàrí lásán. Àjà òkúta wúwo, ó sì máa ń ti ògiri síta. Bí ògiri bá wá fúyẹ́ tó báyìí, àfi kí ohun mìíràn gbà á mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ àwọn òpó ńláńlá síta, tí wọ́n sì na apá òkúta láti ara wọn wá di ògiri mú lókè, ní ìpele ìpele. Gbogbo iṣẹ́ agbára wà níta kí inú lè wà fún ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí òkúta ṣe rí yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1284, apá kan àjà náà wó. Ọdún méjìlá péré ló lò lókè. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó fà á: àwọn kan ní àlàfo àárín àwọn òpó ló fẹ̀ jù, àwọn mìíràn ní òpó ìta kan kò dúró ṣánṣán lórí ohun tó gbé e, tí afẹ́fẹ́ fi ráyè mì ín. Àwọn tó tún un ṣe fi òpó tuntun há àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀. Àbùkù wà nínú àtúnṣe yìí. Ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí ògiri ti ṣe kọ̀rọ̀gbà yí pẹpẹ ká, kò wó. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ yóò rí bí ètò àkọ́kọ́ ṣe fúyẹ́ tó. Bó bá wá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á rí i pé àwọn òpó ti fún mọ́ra wọn, àtẹ́rígbà wọn sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Síbẹ̀, wọn kò rẹ àjà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni ì bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Wọ́n mọ ohun tí ilé náà fẹ́ jẹ́, wọn kò sì dà á. A gbóṣùbà fún wọn.

Ogun ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún dá iṣẹ́ dúró. Ọdún 1500 ni Martin Chambiges bẹ̀rẹ̀ apá méjèèjì tó mú ilé náà rí bí àgbélébùú. Ojú gúúsù rẹ̀, tí wọ́n fín òkúta rẹ̀ bí ọwọ́ iná, dára púpọ̀.

Ibi tí a ti fẹ́ bá wọn wí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ó ku gbọ̀ngàn tí ìjọ yóò máa jókòó sí. Dípò kí wọ́n kọ́ ọ, ilé gogoro ni wọ́n gbé lé oríta àgbélébùú náà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1569, òkúta lábẹ́, igi lókè, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 153. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ojú nìkan. Òpó mẹ́rin ló gbé ilé gogoro náà. Ní ìlà-oòrùn, ibi pẹpẹ fi ẹ̀yìn tì wọ́n. Ní àríwá àti gúúsù, apá àgbélébùú dì wọ́n mú. Ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tó yẹ kí gbọ̀ngàn wà, òfìfo ni. Ṣé ó yẹ kí kọ́lékọ́lé máa retí ẹlòmíràn kó tó mọ̀ pé ẹrù yẹn yóò tẹ̀ síbi tí kò sí alátìlẹ́yìn? Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ tí wọ́n pè wá yẹ̀ ẹ́ wò sì sọ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi falẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1573, ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, ilé gogoro náà wó lulẹ̀, lẹ́yìn tí èrò ti tò jáde. Kò pa ẹnikẹ́ni.

Owó tó kù, àtúnṣe ló gbé e. Wọn kò kọ́ gbọ̀ngàn náà mọ́ títí dòní. Ẹni tó bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilé náà, ògiri tí wọ́n fi dí i ni yóò bá, àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Basse Œuvre, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1000, tí wọ́n fẹ́ wó kí gbọ̀ngàn lè gba ipò rẹ̀.

Àwọn kan ní àìparí yìí gan-an ló bu iyì kún Beauvais. A kò gbà. Àánú lè ṣe ènìyàn níwájú ilé tí kò parí, ṣùgbọ́n àánú kọ́ ni iṣẹ́ ọnà. Kàtídírà kì í ṣe ilé àlùfáà nìkan. Ó yẹ kí ará ìlú ráyè wọlé, kí wọ́n rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, kí gbígbéra àjà máa bá wọn lọ. Ní Amiens, tí kò jìnnà síbẹ̀, gbọ̀ngàn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ láti 1220. Àjà ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 6 kéré sí ti Beauvais, ṣùgbọ́n ilé náà pé. Bí a bá ń wá ibi pẹpẹ, ti Beauvais ló borí. Bí a bá ń wá ṣọ́ọ̀ṣì, Amiens ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ irin. Láàárín àwọn ọdún 1960, wọ́n yọ àwọn ọ̀pá irin tó so àwọn apá òkúta ìta pọ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ wá ń mi ilé náà, wọ́n tún fi irin mìíràn dè é. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé igi àti irin ńlá sí apá àgbélébùú nínú ilé láti fi tì í. Wọn kò dùn ún wò, wọ́n sì dí ojú lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ Chambiges. A fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ yọ wọ́n, kó kọ́kọ́ fi hàn wá ohun tí yóò di òkúta mú.