Ẹsẹ̀ Sunny Adé

Gìtá King Sunny Adé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni tèmi. Ọmọ ìdílé ọba Oǹdó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946. Ó bá ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà ayé rẹ̀, ṣiṣẹ́ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1967.

Ẹ wò ó bó bá ń jó. Kì í fò, kì í ta kìtì. Gìtá á wà lọ́rùn rẹ̀, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yọ́ lọ nílẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí omi. Bí gángan bá sọ̀rọ̀, èjìká ni yóò fèsì. Àwa tó ń fò sókè lóde àríyá ní Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ ká tijú díẹ̀.

Nígbà tí àwo rẹ̀, Juju Music, jáde lọ́dún 1982, àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń dìde jó. Ẹ fi ijó rẹ̀ wé ijó ìdíje: lọ́dún 2014, Meryl Davis àti Charlie White gba góòlù ijó orí yìnyín fún Amẹ́ríkà níbi ìdíje Olympics ní Sochi. Adájọ́ ló fún wọn ní máàkì. Ti Sunny, owó ni èrò ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, kò sì ní dá ijó dúró kó tó gbà á.