Ṣíṣubú Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Kọ́ni

Ẹni tó bá lọ kọ́ júdò kò ní kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ṣíṣubú ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Yóò dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní, yóò ká orí sókè, àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ méjèèjì á sì gbá ẹní pàà lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe ń mí síta. Bó bá mọ ìyẹn ṣe, á lóṣòó, á ti ìlóṣòó ṣubú sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tó máa ti òòró ṣubú. Ukemi ni àwọn ará Japan ń pè é. Kó tó pẹ́, ilẹ̀ tó ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀ á di ibi tó mọ̀ dunjú.

Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni, àwa Yorùbá mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ìpayà ti mú lẹ́rú kì í lè tún ẹṣin gùn, nítorí ó ti ṣubú lọ́kàn rẹ̀ nígbà àìmọye kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo ṣe ń kan sáárá sí júdò nìyí: kì í wulẹ̀ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má bẹ̀rù. Ó ń mú un ṣubú díẹ̀díẹ̀, títí ìṣubú kò fi ní jẹ́ nǹkan kan mọ́. Kano Jigoro tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, nínú tẹ́ńpìlì Eishoji, lórí ẹní 12 péré, kì í ṣe òmìrán. Nílé ẹ̀kọ́, àwọn tó sígbọnlẹ̀ jù ú lọ ń fìyà jẹ ẹ́, ìyẹn ló mú kó máa wá olùkọ́ jujutsu, ìjàkadì àtijọ́ ilẹ̀ Japan, kiri.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tó wù mí púpọ̀. Bí wọ́n bá dì ọ́ mú mọ́lẹ̀ tí o kò lè fara dà á mọ́, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹni náà tàbí ẹní lẹ́ẹ̀mejì. Kíá ló gbọ́dọ̀ tú ọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ẹ rò ó wò fún ọmọ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, tàbí àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ máa ń já láàárín èrò. Àyà yóò lù kìkì, èémí yóò fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni òpin ọ̀rọ̀ wà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀: ara ń fojú ara rẹ̀ rí i pé àyà tó ń lù yóò rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ríran ni ẹwà júdò ti hàn jù lọ. Bí àwọn tó ríran bá ń jà, wọ́n á kọ́kọ́ máa yí ara wọn ká, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n á ti gbá aṣọ ara wọn mú. Ní ti àwọn aláìríran, rẹfirí á mú wọn dé àárín ẹní. Ọwọ́ kan á di apá aṣọ ẹnìkejì mú, ọwọ́ kejì á di ọrùn aṣọ. Ìgbà tí ìdìmú bá pé tán ni rẹfirí tó ké “Hajime!”, ìyẹn “Ẹ bẹ̀rẹ̀!” Bí wọ́n bá já kúrò lọ́wọ́ ara wọn, á dá ìjà dúró, á tún mú wọn padà. Ẹni tí kò ríran rárá a máa ní àmì róbótó pupa lápá aṣọ rẹ̀. Àwa tí a mọ ìjàkadì kò ní jiyàn: ọwọ́ a máa mọ ohun tí alátakò fẹ́ ṣe kí ojú tó rí i.

Lọ́dún 1988, ní Seoul, júdò wọ Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara. Ti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Athens lọ́dún 2004. Antonio Tenorio ará Brazil gba wúrà júdò ní Paralympics nígbà mẹ́rin léraléra, láti 1996 títí dé 2008. Eré kànnàkànnà ló ba ojú òsì rẹ̀ jẹ́ lọ́mọdé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀tún tẹ̀lé e. Ó ti ń kọ́ júdò kí ojú tó lọ, orí ẹní náà ló sì padà sí.

Káràtè náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìm fẹ́ràn ohun tí kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ sì ni kata, ọ̀wọ́ ìgbésẹ̀ tí a ti là sílẹ̀ nínú káràtè, rí: ìgbésẹ̀ kan náà, lánàá, lónìí, lọ́la. Ní Iran, àwọn olùwádìí kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 30 jọ, láti ọmọ ọdún 5 dé 16, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 14 kọ́ ìdajì wọn ní kata. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé ìṣesí àṣetúnṣe, irú bíi kí ọmọ máa mi ara síwá sẹ́yìn, dín kù gan-an lára àwọn tó kọ́ ọ. Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ 30 kò pọ̀, n kò sì ní tìtorí rẹ̀ pe káràtè ní oògùn, ṣùgbọ́n ìyá tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ ohun tí ìdínkù yẹn tó lójú.

Gbogbo rẹ̀ dọwọ́ olùkọ́. Èyí tó ń jágbe, tó ń fi ọmọ tí kò tètè gbọ́ ṣẹ̀sín, lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́. Júdò tàbí káràtè kò sì lè gba ipò dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní júdò ní Èkó, ní Ìbàdàn, níbikíbi tí ẹ bá wà, mo bẹ̀ yín, ẹ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláìríran tó sún mọ́ yín, kí wọ́n mú ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí ìtìjú há ọmọ mọ́lé. Ẹ mú un lọ, kí ẹ sì jókòó wo ọwọ́ olùkọ́ náà dáadáa kí ẹ tó fà á lé e lọ́wọ́.