Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ife Kọfí? Àyẹ̀wò Ìwé Max Havelaar

Bí ẹ bá rí "Max Havelaar" lára páálí kọfí ní Yúróòpù, ẹ lè rò pé orúkọ àgbẹ̀ kan ni. Rárá o. Ẹ̀dá-ìtàn ni, nínú ìwé àròsọ tí Eduard Douwes Dekker kọ ní èdè Dutch ní 1859, tó jáde ní 1860. Multatuli ló pe ara rẹ̀ lórí ìwé náà. Èdè Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ìyà tí mo ti jẹ pọ̀". Ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ bi ìwé yìí: nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lórí kọfí, ta gan-an ló ń sọ̀rọ̀?

Ní 1830 ni ìjọba Họ́láǹdì gbé ètò kan kalẹ̀ ní erékùṣù Java, ní Indonéṣíà òde òní. Wọ́n ní kí àwọn ará abúlé ya ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún ohun tí ìjọba fẹ́ tà: kọfí, ìrèké, ẹ̀lú. Ìjọba ló ń dá iye owó, gbàǹjo ní Họ́láǹdì ni wọ́n sì ti ń tà á. Abẹ́ ìjọba yìí ni Dekker ti ṣiṣẹ́. Ní 1856 ó di igbákejì ajẹ́lẹ̀ ní Lebak, ó fẹ̀sùn kan olóyè ìbílẹ̀ ibẹ̀ pé ó ń fipá gba ẹran àti iṣẹ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò tì í lẹ́yìn, ló bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti dùn jù ni bó ṣe fi alágbàtà kọfí kan, Droogstoppel, ṣe olùsọ̀tàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ fún wa pé alágbàtà kọfí lòun, pé ojúlé 37, Lauriergracht, lòun ń gbé. Ó kórìíra ewì, ó ní irọ́ ni, àmọ́ gbogbo òtítọ́ tiẹ̀, ọjà ni. Multatuli kò tètè bú u. Ó kàn jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Nígbà tí ìtàn wá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, kọfí fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹfọ̀n ìtúlẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá Saïdjah, wọ́n sì gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ náà lọ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní Batavia kó lè padà wá fẹ́ Adinda. Kó tó dé, Adinda ti bá àwọn ẹbí rẹ̀ sá lọ sí Lampung. Òkú rẹ̀ ló bá níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Họ́láǹdì ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Lójú tèmi, ọgbọ́n ìwé náà nìyẹn. Bí ará ọjà bá wo àgbẹ̀, kọfí nìkan ló ń rí. Àgbẹ̀ ní oko ìrẹsì, ó ní ẹran ọ̀sìn, ó ní àfẹ́sọ́nà.

Ṣùgbọ́n àléébù méjì wà. Àkọ́kọ́, ẹnu òyìnbó ni Saïdjah fi ń sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé náà kò fi pa mọ́ pé òun lòun hun ìtàn àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ìkejì, ó bínú lóòótọ́, àmọ́ kò ní kí Họ́láǹdì kúrò ní Java. Ìjọba amúnisìn tó ṣe olóòótọ́ ló ń fẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n yé na ẹrú kò tíì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ibi tó kan èmi onímọ̀ èdè rèé. Jacob van Lennep, tó bójú tó ìtẹ̀jáde 1860, yọ orúkọ àwọn ìlú kúrò, ó to àmì ìdánudúró sí ipò wọn. Ó di 1875 kí òǹkọ̀wé tó dá wọn padà. Ibi tí kò lórúkọ, ta ni yóò lọ wádìí ọ̀ràn níbẹ̀? Ní ìparí ìwé, Multatuli halẹ̀ pé bí wọn kò bá gbọ́, òun yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Malay, Java, Sunda àti òmíràn. Àmọ́ 1972 ni ìtumọ̀ èdè Indonéṣíà tí H. B. Jassin ṣe jáde. Ọdún 112! Àwọn tí wọ́n fi kọ ìwé ló pẹ́ jù kí wọ́n tó kà á.

Ní 1988 ni wọ́n wá fi orúkọ Havelaar ṣe àmì kọfí ní Họ́láǹdì. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò, ló wà nídìí rẹ̀: àwọn ará Zapotec, Mixe àti ẹ̀yà mìíràn, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù UCIRI. Abẹ́ ibòji igi ni wọ́n ń gbin kọfí sí, ajílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n ń lò. Owó tó tọ́ ni wọ́n béèrè, wọn kò tọrọ bárà. Orúkọ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ kọfí wọn! Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fojú di àmì náà o. Ní 2023, Fairtrade ní kí owó Arabica fífọ̀ má wá sílẹ̀ ju dọ́là 1.80 lọ fún pọ́n-ùn kan, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 20 fún ìdàgbàsókè. Bí ọjà bá já, ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ṣebí Yorùbá kì í pe àánú ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó ń ṣàánú lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú ni ìtàn Saïdjah ń wá. Ẹ̀tọ́ ni ìparí ìwé náà ń béèrè, níbi tí Multatuli ti gba gègé lọ́wọ́ gbogbo wọn tó sì kọjú sí ọba. Fọ́tò àgbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lára páálí tún dá wa padà sí ìdí àánú.

Ẹ wá ìwé náà kà, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ ra kọfí, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ abúlé àti ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí àmì ìdánudúró ni wọ́n ṣì tò síbẹ̀.