Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Ẹgbẹ́ Lórí Fídíò fún Àwọn Ológun Àtijọ́ ní Hawaii

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ó yẹ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa rí ojú ẹni tó ń gbọ́. Ìbéèrè tí iṣẹ́ ìwádìí Leslie Morland àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2010, gbìyànjú láti dáhùn ni bóyá ojú tí a rí nínú fídíò tó ojú.

Àwọn ọkùnrin 125 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà rí ni ìwádìí náà dá lé lórí. Àárẹ̀ ọkàn tí ìpayà ń fà ń bá wọn fínra, ìbínú wọn kò sì rọrùn láti kó níjàánu. Erékùṣù ni Hawaii. Omi òkun sábà máa ń la àárín aláìsàn àti onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn. Olùtọ́jú jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì ń rí i lórí fídíò. Ìbínú dínkù ní ọ̀nà méjèèjì, ti fídíò kò sì rẹ̀yìn sí èkejì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti fakọyọ ni pé kò fi kùdìẹ̀-kudiẹ fídíò pamọ́. Àwọn tí olùtọ́jú wà láàrin wọn sọ pé ìrẹ́pọ̀ inú ẹgbẹ́ wọn lágbára ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ka èsì ìbínú nìkan yóò fo kókó yìí dá, bẹ́ẹ̀ ìrẹ́pọ̀ ni ìdí tí a fi ń tọ́jú ènìyàn ní ẹgbẹ́.

Ó yẹ kí òǹkàwé tún kíyè sí i pé olùtọ́jú nìkan ló jìnnà. Àwọn ológun náà ṣì jókòó ti ara wọn nínú yàrá kan ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí àrùn COVID-19 dé ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ di ti ẹni tó dá jókòó nílé níwájú ẹ̀rọ tirẹ̀. Èsì ọdún 2010 kò lè jẹ́rìí fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì lè jẹ́rìí fún àwọn obìnrin tó ṣe iṣẹ́ ológun, nítorí kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀.

Èyí kò sọ fídíò di ohun àpatì. Fún ẹni tí ì bá má rí ìtọ́jú kankan, àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó gbé irú èsì báyìí síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló jókòó ti ta?