Irin Tí Aṣọ Bò

Ọmọ Ṣakí ni mí, ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Òkè-Ògùn. Ìsẹ́yìn, ará ilé wa, ló ni aṣọ òfì. Àárín irin àti aṣọ ni iṣẹ́ tèmi wà: èmi ni mò ń jó páìpù pọ̀ fún kánópì òde àríyá àti àga onítìmùtìmù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni páráímà, ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń kan irin lára.

Bí géètì bá dógùn-ún, ojú gbogbo ayé ni, onílé á ránṣẹ́ pè ọ́. Irin abẹ́ aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpáàrà á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí àga bá dá mọ́ èèyàn nídìí ni wọn yóò tó mọ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù, mo kun férémù àga mẹ́fà ní páráímà red oxide lásán. Ó gbẹ, ó sì dára lójú. Nígbà tí bàbá tó ń fi aṣọ bo àga fi gọ́ọ̀mù sí i, ọ̀dà náà yọ́ bí ẹ̀kọ inú omi gbígbóná, ó sì pa aṣọ funfun láró pupa. Ohun tó wà nínú gọ́ọ̀mù, tó jọ tínà, ló tú u. Láti ọjọ́ náà, kí n tó béèrè iye tí páráímà jẹ́, mo ti kọ́kọ́ ń béèrè ohun tí yóò fara kàn án.

Ìbéèrè yìí kan náà ló wà níwájú àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú aláṣọ ṣe. Piper J-3 Cub, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1938 títí di 1947, páìpù irin ni egungun ara rẹ̀, aṣọ òwú ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n á wá kun aṣọ náà ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní dope, tí yóò fà á le bí awọ ìlù. Dope yìí ò mọ ojú páráímà tí kò lágbára. Títú ló ń tú u. Páráímà zinc chromate aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń lò láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n kẹ́míkà inú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Epoxy alágolo méjì ló gbòde báyìí, torí bó bá ti le tán, gọ́ọ̀mù àti dope kò rí i gbé ṣe. Wọ́n tún máa ń da òróró linseed gbígbóná sínú páìpù, wọ́n á yí i kó kan ibi gbogbo, wọ́n á ro ìyókù dànù. Ìyẹn wú mi lórí gan-an: wọn kì í gbàgbé inú páìpù pàápàá.

Epoxy ni èmi náà ń lò. Ó wọ́n, kò sì gba ìwàǹwára. Tínà ni mo fi ń nu irin kí sáńpépà tó kàn án, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ fá a ń ti epo wọnú ojú ọgbẹ́ irin ni. Lẹ́yìn náà, n kì í fọwọ́ lásán kàn án mọ́, torí òógùn. Lásìkò òjò, irin tí mo bá fá láàárọ̀ kò gbọdọ̀ sùn láìkùn. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń bu omi wọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí eruku má baà bà lé ọ̀dà tútù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kánópì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo irin abẹ́ rẹ̀.