Ìpalára Kì Í Ṣe Iye Lásán: Òfin Ìjà nínú Eré Káàdì Sentinels of the Multiverse

Láti ọdún 2011 tí iléeṣẹ́ Greater Than Games ti gbé Sentinels of the Multiverse jáde, ọ̀rọ̀ ìpalára ni ó ń fa awuyewuye láàárín àwọn tó ń ṣe é. Christopher Badell, Paul Bender àti Adam Rebottaro ló dá eré káàdì yìí sílẹ̀. Gbogbo olùkópa ló jọ wà ní ìhà kan gẹ́gẹ́ bí akọni, ọ̀daràn kan ni wọ́n sì jọ ń bá jà, ọ̀daràn tí ẹnikẹ́ni kò darí, tí káàdì tirẹ̀ ń sọ ohun tí yóò ṣe. Káàdì kan á ní kí á fi ẹyọ kan kún ìpalára, òmíràn á ní kí á yọ méjì, ẹ̀kẹta á ní iná kò ran ẹni báyìí. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìṣirò ló ń rú àwọn ènìyàn lójú. Wọ́n ka ìpalára sí iye, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ni: ó ní ẹni tó ṣe é, ó ní irú èyí tó jẹ́, ó ní ẹni tí ó bá, kí ó tó wá ní iye. Ẹni tó bá mọ èyí tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń bá wí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò rí i pé òfin náà kò ta ko ara rẹ̀.

Ẹ̀dà àtijọ́ ni mo ń sọ, nítorí ẹ̀dà Definitive Edition ti ọdún 2021 tún ọ̀pọ̀ káàdì kọ. Ẹ wo Legacy, akọni tó ń gbé àwọn yòókù ró. Agbára rẹ̀ tó ń jẹ́ Galvanize ń fi ẹyọ kan kún gbogbo ìpalára tí akọni bá ṣe, títí yóò fi tún kan Legacy. Akọni mìíràn, Ra, ń fi iná ṣe ìpalára méjì fún ẹnì kan. Bí Legacy bá ràn án lọ́wọ́, ó di mẹ́ta. Ìpalára kan péré ni Squall, agbára akọni tó ń jẹ́ Tempest, ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí kì í ṣe akọni ni ó ń bá. Bí ọ̀daràn bá ní ọmọ ẹ̀yìn mẹ́rin, àpapọ̀ márùn-ún di mẹ́wàá. Àfikún kan náà ni, àmọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ti Ra, márùn-ún ni ti Tempest. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí káàdì kan bá ń yọ ẹyọ kan kúrò nínú ìpalára tó bá gbogbo wọn, òfo ni ìjì Tempest yóò já sí tí kò bá sí Legacy nítòsí, nígbà tí Ra ṣì rí ẹyọ kan ṣe. Bí àfikún àti àyọkúrò bá sì pàdé, a ó kọ́kọ́ fi kún, kí á tó yọ.

Akọni tó ń jẹ́ Absolute Zero ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ẹ̀mí 29 ló ní, agbára rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni pé kí ó fi iná tàbí òtútù pa ara rẹ̀ lára ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní agbára wo nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ Isothermic Transducer bá wà níwájú rẹ̀, iye iná tó bá jẹ ni yóò fi òtútù san fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí Legacy wá lo Galvanize. Iná kan tí Absolute Zero fi jó ara rẹ̀ di méjì, nítorí akọni ló ṣe é, àfikún náà kò sì béèrè bóyá ọ̀tá ni yóò jẹ̀yà. Òtútù méjì ni ẹ̀rọ náà yóò dá padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun nìyẹn, akọni náà ló tún ṣe é, ó di mẹ́ta. Ẹyọ kan ṣoṣo tí Legacy fi sílẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, Absolute Zero sì fi ẹ̀mí méjì san owó rẹ̀. Ẹni tó ka ìpalára sí iye yóò ní méjì ni, nítorí a ti fi kún un tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó gbè é lẹ́yìn nínú òfin.

Àwọn kan á ní irú kíkà báyìí ti sọ eré akọni di ọ̀rọ̀ kóòtù. N kò gbà. Ìtàn ọkùnrin tí kò lè yè láìsí òtútù, tí ìrora ara rẹ̀ di ohun ìjà rẹ̀, inú ìṣirò yẹn gan-an ló wà. Bí a bá fi ojú fo ìṣirò náà, àwòrán aṣọ nìkan ló kù. Àtakò kejì ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀: bí akọni márùn-ún bá ti tẹ́ káàdì sílẹ̀ pitimu, ìrántí ènìyàn kò gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà tí Handelabra Games ṣe ní ọdún 2014 ń bá wa ṣírò, ó sì ṣeun. Síbẹ̀ kò lè bá wa pinnu. Heroic Interception, káàdì Legacy mìíràn, ń jẹ́ kí ó gba ìpalára mẹ́ta sára kí ohunkóhun má lè ran àwọn akọni yòókù títí yóò fi tún kàn án. Ààbò ńlá ni, àmọ́ iná Absolute Zero náà kò ní ràn án mọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì dákẹ́ odidi ìyípo kan, ibi yòówù kí ó jókòó sí lẹ́bàá tábìlì. Bí ó bá ku ẹ̀mí mẹ́ta péré fún Absolute Zero, tí ọ̀daràn náà sì ti ń kú lọ, òun àti Legacy ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí Legacy tó fi káàdì yẹn lélẹ̀.