Ẹlẹ́rìí Tí A Kò Gbọ́ Tirẹ̀: Ìtàn White Sox Ọdún 1919

Nínú gbogbo ìtàn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ nípa bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnìkan ti ń ju bọ́ọ̀lù tí alátakò rẹ̀ sì ń fi igi gbá a, ìtàn ẹgbẹ́ White Sox ti ìlú Chicago wà lára èyí tí ó dùn wọ́n jù. Ní ọdún 1919, ẹgbẹ́ yìí borí nígbà 88, ó fìdí rẹmi nígbà 52, ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú líìgì rẹ̀. Nígbà tí ó pàdé Cincinnati Reds nínú ìdíje àṣekágbá, Reds borí nígbà márùn-ún, White Sox borí nígbà mẹ́ta péré. Ní ọdún 1920 ni àṣírí tú pé àwọn kan nínú wọn ti gba owó lọ́wọ́ àwọn atatẹ́tẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn tí a pè lẹ́jọ́ sílẹ̀ ní oṣù August 1921, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì Adájọ́ Landis, tí ó jẹ́ alákòóso eré náà, lé àwọn mẹ́jọ kúrò nínú rẹ̀ títí ayé.

Ìwé tí ó sọ ìtàn yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Eight Men Out, tí Eliot Asinof kọ ní ọdún 1963, tí John Sayles sì fi ṣe fíìmù ní ọdún 1988. Ọ̀jáfáfá òǹkọ̀wé ni Asinof. Kò jẹ́ kí a rí àwọn mẹ́jọ náà bí olè lásán. Eddie Cicotte, tí í máa ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, ti pé ẹni ọdún 35. Gbèsè oko rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé apá òun kò ní pẹ́ rọ. Bí a ti ń ka ìwé náà, àánú rẹ̀ ń ṣe wá kí a tó rántí pé ó gba dọ́là 10,000.

Ibi tí mo ti bá Asinof fa ọ̀rọ̀ nìyí. Ọ̀pá tí ó fi gbé ìtàn rẹ̀ ró ni pé ahun ni Charles Comiskey, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà, àti pé ahun rẹ̀ ni ó ti àwọn èèyàn rẹ̀ sínú èrú. Ìwé náà sọ pé Comiskey ṣèlérí ẹ̀bùn dọ́là 10,000 fún Cicotte bí ó bá borí nígbà 30, tí ó sì dá a dúró nígbà tí ó kù díẹ̀. Ọdún 1917 ni ìwé fi èyí sí. Ọdún 1919 ni fíìmù fi í sí. Ìtàn tí ó ń ṣí kiri láti ọdún dé ọdún báyìí yẹ kí ó kọ wá lóminú. Nígbà tí àwọn olùwádìí sì yẹ àkọsílẹ̀ owó oṣù wò, wọ́n rí i pé dọ́là 88,461 ni White Sox fi bẹ̀rẹ̀ ọdún 1919, èyí tí ó fi ohun tí ó lé ní dọ́là 11,500 ju ti Reds lọ. Asinof fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tí ó yá pé òun hùmọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan sínú ìwé náà.

Àmọ́ kì í ṣe orí iye owó ni mo fẹ́ dúró sí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ahun ni Comiskey lóòótọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ àwọn mẹ́jọ ni Asinof gbọ́ ní àgbọ́yé. Kò fi ẹ̀rí àwọn tí wọ́n bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà wọn ọ̀rọ̀ wọn. Bí a bá ní Eddie Collins kò ṣe èrú nítorí pé dọ́là 15,000 ni ó ń gbà, kí ni a ó sọ nípa Dickie Kerr? Ọkùnrin kúkúrú ni, ọdún 1919 sì ni ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú líìgì ńlá. Ó ju bọ́ọ̀lù nínú eré kẹta, White Sox fi mẹ́ta sí òdo borí. Ó jù ú nínú eré kẹfà, wọ́n fi márùn-ún sí mẹ́rin borí. Àwọn tí wọ́n ti dìmọ̀lù pẹ̀lú atatẹ́tẹ́ ni wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú pápá. Comiskey kan náà ni ó ń san owó rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Kerr lẹ́yìn èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà korò. Ní ọdún 1922, ó béèrè àfikún owó, wọn kò fún un. Ìlànà ìgbà náà kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn, nítorí náà ó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìta líìgì. Nígbà tí ó pàdé àwọn tí a ti lé nínú eré, wọ́n dá òun náà dúró; ó di ọdún 1925 kí ó tó padà. Ìrẹ́jẹ tí Asinof ń sọ wà lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó jẹ nínú ìyà rẹ̀ ju Kerr lọ. Ṣùgbọ́n ojú gbangba ni ó ti bá Comiskey jà. Ó sọ pé owó náà kò tó òun, ó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà òkùnkùn.

Ìyàtọ̀ yìí ni Eight Men Out bò mọ́lẹ̀, ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹ̀yìn-bẹbọ-jẹ́ pé owó oṣù òun ni kò tó? Owó náà lè má tó lóòótọ́. Àìtó owó lè sọ ìdí tí inú fi ń bí ènìyàn. Kò lè sọ ìdí tí ẹnìkan fi gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹnìkejì rẹ̀ kò gbà á. Ìwà ni ó ń sọ ìyẹn, ìtàn tí kò bá sì fi ìwà hàn kò tíì sọ tán.

Ní oṣù May 2025, Rob Manfred, alákòóso bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, yọ orúkọ àwọn mẹ́jọ náà kúrò nínú ìwé àwọn ẹni tí a lé. Gbogbo wọn ti kú tipẹ́. N kò bínú sí i, nítorí ìjìyà kò yẹ kí ó kọjá ibojì. Síbẹ̀, bí ó bá di pé kí ẹnìkan tún ìtàn sáà náà kọ, kì í ṣe yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti pín owó ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù October 1919 ni, nígbà tí Kerr gba bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ tí ó sì jù ú bí ó ti yẹ kí a jù ú.